Omi Gbígbóná Kò Mọ Aago Mẹ́rin

Tessa Brandvold ń fi ọ̀pá dígí ro omi gbígbóná inú ìgò, ojú rẹ̀ sì ń lọ sí aago ara ògiri. Ìyẹ̀fun funfun tó dà sínú omi náà ti yọ́ tán. Ó kù kí ó tutù, kí kírísítálì tó mọ́, tó dà bí horo iyọ̀, dì nínú rẹ̀. Aago mẹ́ta ti lé ní ogún ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́rin, àwọn olùkọ́ mẹ́ta yóò pe orúkọ rẹ̀ ní ilé orin kí ó wá ta sẹ́lò, gòjé ńlá tí a ń fi orúnkún méjèèjì há. Ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè yẹn kò ní kọ́ orin mọ́ ní yunifásítì náà.

Kò yẹ kí ó máa ṣe ìdánwò kẹ́mísìrì yìí mọ́. Ó ti yege nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Orin ló wá kọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ń béèrè mọ́ ọn. Nígbà tí eré ńlá rẹ̀ sún mọ́lé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindqvist, olùkọ́ sẹ́lò rẹ̀, gbà á níyànjú pé kí ó fọwọ́ sí ìwé kan, kí wọ́n má fún un ní máàkì nínú kẹ́mísìrì, kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé ó yege. Tessa rò pé ọgbọ́n ni, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ tó ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún àwọn tó fẹ́ lọ kọ́ ìṣègùn ní kò sí máàkì, kò sí lẹ́tà. Òfin náà wà ní ojú ewé kẹta ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò kà á. Odindi ọdún kan ló bá a lọ, ó wá di dandan kí ó tún kẹ́mísìrì náà ṣe kí ó lè gba máàkì.

Ó ti bẹ Lindqvist kí ó sún àkókò òun sí àárọ̀. Lindqvist ní ẹni tó fẹ́ sẹ́lò dénú kì í ní ibòmíràn láti lọ. Ó bẹ Dókítà Pruitt, olùkọ́ kẹ́mísìrì. Ìyẹn ní aláìsàn kì í sún ọjọ́ ikú síwájú nítorí dókítà.

Gus Halloran, tó wà ní tábìlì kejì, ti ń kó ẹrù rẹ̀.

"Tì í sínú yìnyín jàre," ó ní. "Àbí o fẹ́ máa fi ẹnu fẹ́ ẹ ni?"

"Tí mo bá kánjú, ìdọ̀tí á bá a dì."

"Ìdọ̀tí díẹ̀ ńkọ́? Ọkọ kejì ń dúró dè ẹ́, ìyàwó ọlọ́kọ méjì."

Tessa wo aago, ó sì ti ìgò náà sínú yìnyín. Ohun tó dì kò ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Nígbà tó wọn ooru tó yọ́ ọ, ó jẹ́ dígíríì mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Méjìlélọ́gọ́fà ló yẹ kó jẹ́ bí kò bá sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀. Gus wò ó, kò tún ṣàwàdà mọ́.

Bí ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bá wọn ní ilé orin. Ṣùgbọ́n máàkì burúkú kò sàn ju àìsí máàkì lọ. Ó da omi sí i, ó tún gbé e ka iná.

Lẹ́yìn tó yọ́, ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó, kò fọwọ́ kàn án. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ orí orúnkún rẹ̀, bí ẹni ń tẹ okùn sẹ́lò. Nígbà tó rí wọn, ó fi ọwọ́ kejì dì wọ́n mú. Agogo ilé ìṣọ́ dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nínú ìgò, abẹ́rẹ́ funfun kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e.

Nígbà tó tún wọn ooru tó yọ́ ọ, ó jẹ́ méjìlélọ́gọ́fà géérégé. Dókítà Pruitt gbé kírísítálì náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ dára," ó ní. "Ó ní sùúrù. Kí ló dé tó o fi pẹ́ kó o tó wá ṣe é báyìí?"

"Nǹkan mìíràn ni mò ń kọ́ tẹ́lẹ̀, sà."

Pruitt kọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún síwájú orúkọ rẹ̀. Tessa fọ ìgò, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà sí ipò rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, sẹ́lò yunifásítì dúró ti ògiri nínú àpò dúdú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ orin nìkan ni wọ́n ń yá a fún. Gus ní kí òun bá a gbé e.

"Má ṣèyọnu," Tessa dáhùn. "Ó ti mọ́ mi lára."

Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì jáde sínú òjò dídì láti lọ dá a padà.