Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Ilẹ̀ Gbé Mì

“Wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú Mùríìdì já bọ́…”

“Níbo?”

“Lẹ́bàá abúlé Lagbé, ilẹ̀ sì lanu…”

“Ó gbé e mì?”

“Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ má ní èmi ni mo wí o.”

Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe bá Ràúfátù lọ́jà Ìfọ̀nyìn, orí rẹ̀ sì dàrú. Mùríìdì àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí kò tilẹ̀ ní alùpùpù, ibo ló ti rí ọkọ̀ òfuurufú? Kó tó délé, bàbá rẹ̀ ti gbọ́. “Mi ò ní fọmọ fún wèrè,” ni bàbá wí, ó sì mú un lọ sílé Mùríìdì láti fòpin sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà.

Wọ́n bá a lórí àga ọkọ̀ àlòkù kan níwájú kọ̀ǹpútà. “Bàbá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ òfuurufú ni mò ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń fò.” Ó fi hàn wọ́n. Ọkọ̀ inú àwòrán náà kọjá lórí ọ̀pẹ Lagbé, ó balẹ̀, ó sì rì sínú ilẹ̀ bí òkúta sínú odò.

Bàbá fò dìde. “Ó mà gbé e mì lóòótọ́!”

Mùríìdì wá sọ̀rọ̀ díẹ̀, bàbá sì mú Ràúfátù padà sílé.

“Ṣé ẹ ti fòpin sí i?” ni ìyá Ràúfátù bi wọ́n.

“Mi ò mọ̀ mọ́. Ọmọ náà sọ nǹkan kan tó wọ̀ mí lọ́kàn. Ràúfátù, sọ ohun tó wí fún ìyá rẹ.”

Ràúfátù tẹrí ba, ojú ń tì í. “Ó ní: ‘Bàbá, ojú ọ̀run ò ṣòro ṣe. Ilẹ̀ tó máa gba ọkọ̀ dúró ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba Ràúfátù lọ́wọ́ mi.’”