Ìbéèrè Tí Wọ́n Ní Kí N Mú Wá

Ẹ̀yin tèmi, wọ́n gba ìbéèrè mi ní yunifásítì lónìí. Ẹ má tíì kí mi kú oríire o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí i fún yín ná. Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ọkàn mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀nà mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Tíṣà ni mí nílé, ní Ìlá, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo dé Kánádà níbí, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò wúlò fún wọn, ni mo bá lọ ń gé adìẹ nílé iṣẹ́ ẹran. Láti ibẹ̀ ni mo ti wá bá yín nílé àwọn arúgbó, tá a jọ ń wẹ̀ wọ́n, tá a jọ ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ náà ni mo wà tí ìyá mi fi kú nílé. Mi ò lè lọ sin ín, torí wọn ò tíì fún mi níwèé ìgbélùú. Ìgbà tó yá ni mo padà síléèwé, tí mo di ẹni tó ń ṣèwádìí nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé láwùjọ. Wọ́n wá ní kí n mú ìbéèrè wá, èyí tí mo máa fi gbogbo ìwádìí mi wá ìdáhùn sí. Títí oorun fi gbé mi lọ lánàá, mi ò rí nǹkan kan mú.

Nínú àlá náà, mo bá ara mi nílé iṣẹ́ adìẹ. Mo wọ bàtà rọ́bà, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, àwọn adìẹ sì rọ̀ sára ìkọ́, wọ́n ń kọjá níwájú mi bí wọ́n ṣe máa ń kọjá. Wọn ò lórí, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo ní, "Ẹ ṣé o."

"Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni ìlà oòrùn wà? Wọ́n ti yí wa títí, a ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Mo wo ògiri, mo wo òkè. Kò sí fèrèsé kankan. Mo sọ fún un pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kò burú, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo bá gé e.

Bí mo ṣe gé e, omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ru sókè, ó gbé mi jáde. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì yunifásítì ti léfòó wá bá mi, tòun ti tábìlì àti àga. Mo wọ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ti jókòó, wọ́n so táì mọ́rùn. Òyìnbó lobìnrin tó ṣe olórí wọn, ṣùgbọ́n bí ará Ìlá ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìbíyẹmí, ìbéèrè dà?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo ṣì ń wá a."

"Ṣé kò sí lọ́dọ̀ àwọn adìẹ ni?"

"Àwọn ló bi mí ní tiwọn, mà. Mi ò rí i dáhùn."

Wọ́n wo ara wọn. Irùngbọ̀n hù lágbọ̀n obìnrin náà, ìwo yọ lórí àwọn tó kù, gbogbo wọn di ewúrẹ́. Mo ṣáà kúnlẹ̀, torí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń jẹ aṣọ òtútù mi láti apá wá sí àyà, títí òtútù fi wọ̀ mí léegun.

Olórí wọn gbé ẹnu kúrò, ó ní, "Ẹni tí ò ní ìbéèrè, kó padà lọ wẹ arúgbó." Ó fi ìwo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Ilé àwọn arúgbó wa ni ilẹ̀kùn yẹn já sí. Ìyá Tìámíyù, ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, "Tètè wọlé. Màmá kan ti ń retí ẹ."

Ìyá mi ni. Ó wọ aṣọ búlúù tá a máa ń wọ̀ fún wọn.

Mo ní, "Màámi, ta ló gbé yín wá?"

"Ta ni ìbá gbé mi? Mo rìn wá ni. Wọ́n ní ibí lọmọ mi ti ń tọ́jú àwọn ìyá."

Mo pọn omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Mo wẹ ọrùn rẹ̀, mo wẹ abẹ́ apá rẹ̀, mo wẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì bá sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ ṣe kíá o, ẹlòmíràn ń dúró."

Ìyá mi ní, "Jọ̀ọ́, ó pẹ́ tá a ti fojú kanra."

Bẹ́ẹ̀dì bá rọra rẹlẹ̀ fún mi.

Ìyá mi di ọwọ́ mi tó lómi mú. "Ìbíyẹmí, nígbà tí ò ń wẹ ìyá àwọn ará ibí, ta ló ń wẹ̀ mí?"

Kò fi ìjà sọ ọ́ o. Ńṣe ló bèèrè bí àjèjì ṣe ń bèèrè ọ̀nà.

Àwọn ewúrẹ́ ti yọrí sẹ́nu ọ̀nà, òwú aṣọ mi ṣì ń fì lẹ́nu wọn. Olórí wọn ní, "Ìbéèrè náà nìyẹn. Òun la ní kó o mú wá."

Mo rọra yí ìyá mi sápá òsì, bá a ṣe máa ń yí wọn kí ẹ̀yìn wọn má baà bó, mo sì fa aṣọ bò ó.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Ilẹ̀ ti mọ́, yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé. Ìhòòhò ẹsẹ̀ mi wà níta, ó ti kú tipiri. Ìrọ̀rí ni mo yí kọjú sí ògiri, tí mo fi gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì bò, tí mo sì ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ dáadáa, kí atẹ́gùn má baà wọlé.