Ohun Tí Sìmbíátù Rí Lẹ́nu Géètì

Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba ní kónílé ó gbélé, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ní Bàríga tó Àlàájà Sìmbíátù, ìyá onílé. Ó gbé ike omi ńlá sẹ́nu géètì, ó fi okùn so ọṣẹ mọ́ ọn, ó tún fi orin sí i. Ẹni tó bá ń wọlé, àfi kó dúró gbọ́ ọ:

Ọṣẹ rèé o, omi rèé,
Fọwọ́ ọ̀tún, kó o fọ tòsì,
Àrùn tó bá ń tẹ̀lé ẹ bọ̀,
Ìta ni kó sùn, kó má wọlé.

"Àlàájà, ìgbà wo lẹ máa gbé rẹ́kọ́dù jáde?" Samson, ayálégbé yàrá iwájú, ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ìyá yóò sì máa dùn ṣìnkìn.

Ṣùgbọ́n kò ṣe ọ̀nà tí omi náà máa gbà lọ. Orí sìmẹ́ńtì ló ń dà sí, ibẹ̀ wá ń yọ̀ bí ilá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ràmọ́nù, ayálégbé mìíràn tó ń gé pépà nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ń ti ibi tó ti lọ ra gààrí bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ìpàkọ́ rẹ̀ dún gbì mọ́lẹ̀. Sìmbíátù nìkan ló rí i, láti ojú fèrèsé.

"Pẹ̀lẹ́ o! Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Àlàájà. Olórí líle lèmi."

Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó wọlé, kò tiẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Sìmbíátù sáré bu iyẹ̀pẹ̀ dà síbẹ̀ kí ojú míì tó rí i.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ràmọ́nù ń bì. Orí ń fọ́ ọ, oorun ń gbé e, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Saheedat ìyàwó rẹ̀ figbe ta. Kíá, gbogbo ilé ti ń sọ pé kòrónà ni.

"Ẹ tì í mọ́lé!" Samson ló pariwo jù. "Èmi ò tíì gbéyàwó o, mi ò lè tìtorí ẹlòmíràn kú!"

Wọ́n yíjú sí ìyá onílé. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀: ó ṣubú ni. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í pé kí ló yọ̀ ọ́. Omi ta ni?

"Ẹ jẹ́ kó dá wà ná," ló sọ.

Wọ́n mú Saheedat jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà na oúnjẹ sí ọkọ rẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ajá tó ń géni jẹ. Ọjọ́ méjì gbáko. Orin tán lẹ́nu Sìmbíátù. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, kì í lè wo òjìji ara rẹ̀ nínú omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ràmọ́nù ò dáhùn mọ́. Sìmbíátù fi ẹ̀bẹ̀ mú oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan, òun àti Saheedat gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó fi ọ̀rá bora látòkè délẹ̀ dá wọn dúró lókèèrè.

"A ò gba kòrónà níbí. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó wọn sí. Àbí kí ló ṣe é gan-an?"

"Mi ò mọ̀, nọ́ọ̀sì. Ó kàn ń bì ni." Saheedat ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ ti ń yí orí kẹ̀kẹ́ padà.

"Ó ṣubú!" Sìmbíátù figbe ta. "Orí ló fi gbalẹ̀. Omi ọṣẹ tèmi ló yọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀."

Kíá ni wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì jáde. Saheedat wo ìyá onílé látòkè délẹ̀. Ìbá sàn kó gbá a létí.

Wọ́n ṣí orí Ràmọ́nù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kòrónà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ wò ó. Nígbà tó délé, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kì í sùn lórí rẹ̀ mọ́jú: ohun tó bá gbọ́ lónìí, á ti gbàgbé rẹ̀ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Sìmbíátù. "Mo bi Saheedat bí mo ṣe dé ọsibítù. Ó ní ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ. Ẹ ṣé o. Ó ní ìyókù, kí n wá bi yín."

Sìmbíátù sunkún, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Ó ti tán, Àlàájà. Mo ti dárí jì yín."

Ìyá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọmọ ọwọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Ràmọ́nù tún ti nà gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Àlàájà, Saheedat ní ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ. Ẹ ṣé o. Ó ní ìyókù, kí n wá bi yín."

Sìmbíátù wo ẹ̀yìn rẹ̀. Saheedat dúró lójú ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń dúró gbọ́.

Ìyá fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn. "Jókòó, Ràmọ́nù. Mo rí ọ nígbà tó o ṣubú."