Wọ́n Ti Mú Un

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà: ìwé ọmọdé ni mò ń kà. Mo ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta, mo bí ọmọ mẹ́ta, mo sì ń ka ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọmọ mẹ́rin àti ajá kan ló wà nínú ẹ̀. Nǹkan á sọnù, ọlọ́pàá ò ní rí i, àwọn ọmọ á máa yọjú síhìn-ín yọjú sọ́hùn-ún, nígbà tó bá ku ojú ewé mẹ́ta wọ́n á kó gbogbo èèyàn jọ sí yàrá kan, wọ́n á na ìka sí olè. Láti apá kìíní títí dé apá ogójì, bákan náà ni. Radaràda! Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi ń kà á, mo já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó lọ wá nǹkan gidi kà. Èmi fúnra mi sì ti ka mẹ́tàdínlógún.

Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí mo ti ń tún ìwé tó ti ya dì. Ẹni tó bá rò pé èèyàn mímọ́ ni gbogbo ẹni tó ń kàwé, kó wá jókòó tì mí fún wákàtí kan péré. Mo ti fi ọ̀bẹ ha ikun imú kúrò lójú ewé. Mo ti rí èékánná ẹsẹ̀ tí ẹnì kan gé, tó fi sàmì síbi tó kà dé. Mo ti rí aáyán tó tẹ́ pẹẹrẹ sínú ìwé àdúrà. Ìwé àwọn ọmọ mẹ́rin yìí ló wá dọ̀tí jù, torí ọwọ́ tí ọmọdé fi jẹun náà ló fi ń ṣí i. Á rí mi lára, màá fi aṣọ nu ọwọ́, màá sì tún ṣí ojú ewé tó kàn. Ṣíọ̀!

Ojú ń tì mí o. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kì í bọ inú èèpo ìwé òfin ilẹ̀ kan, èèpo pupa tó nípọn, tí mo ti yọ inú ẹ̀ jáde fún àtúnṣe. Ẹni tó bá yọjú á rí àgbàlagbà obìnrin tó ń ka òfin níbi tó ti ń jẹun ọ̀sán. Wọ́n á ní, "Àǹtí, orí yín pé o." Màá mi orí bí adájọ́.

Lọ́jọ́rú kan, mo wà ní apá kejìdínlógún. Ẹnì kan ti jí ife-ẹ̀yẹ ilé ìwé gbé, ó sì ku ojú ewé mẹ́rin kí n mọ olè náà. Mo ní kí n sáré fọ ọwọ́ tó kún fún gọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo fi máa dé, orí tábìlì ti ṣófo. Òfin ilẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ mẹ́rin ti bá a lọ.

Ọmọbìnrin tó ń yá àwọn èèyàn níwèé ní káńtà òkè ló ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìwé yíya kún ọwọ́ ẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, kì í wo àgbà lójú. Mo bi í bóyá ó rí ìwé pupa orí tábìlì mi.

"Háà, Àǹtí, wọ́n ti mú un," ló wí. "Bí ẹ ṣe jáde báyìí ni wọ́n wọlé. Wọ́n ṣí i wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi í há abíyá."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tó bá jẹ́ pé orí mi pé lóòótọ́ ni, ǹ bá bi í pé, "Àwọn wo?" Ṣùgbọ́n apá mẹ́tàdínlógún ti ba ọpọlọ mi jẹ́. Wọ́n! Èyí tó ju ẹnì kan lọ nìyẹn. Ta ló ń rìn ní méjìméjì nínú ilé yìí? Ìyá àti Bàbá agbálẹ̀ ni. Tọkọtaya ni wọ́n, Bàbá ló ń gbé garawa, Ìyá ló ń nulẹ̀, ọ̀sán gangan sì ni wọ́n máa ń nu àtẹ̀gùn mi. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo gòkè lọ bá ọ̀gá wa. Ọkùnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún ni, ó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú kọ́ ọrùn, ó sì máa ń fi itọ́ sí ìka kó tó ṣí ìwé, ìwà kan tí mi ò lè fara dà. Mo ní wọ́n ti jí ìwé gbé.

"Ìwé wo?" ló bèèrè.

Ahọ́n mi kọ̀, kò pe ìwé ọmọdé. "Òfin ilẹ̀ ni, sà. Èyí tó wọ́n gógó yẹn. Àwọn agbálẹ̀ ló mú un."

Ó wò mí títí. Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ló ká a lára. "Òfin ilẹ̀," ló wí. "Ó dáa. Tó bá dá ọ lójú, pe gbogbo èèyàn."

Mo pè wọ́n. Èèyàn mẹ́jọ, nínú yàrá ìpàdé, èmi níwájú. Mo na ìka sí tọkọtaya náà, ẹ gbà mí, inú mi sì dùn! Ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó lóun ń ṣoge. Ìgbà tí akápò ilé ìkàwé wa tú báàgì Ìyá sórí tábìlì ni adùn náà korò lẹ́nu mi. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, búrẹ́dì tó ti gan, ìbọ̀sẹ̀ tó lu, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tó ṣì tutù. Ẹnì kan fi bírò gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà sókè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kàn ń kó àwọn nǹkan náà padà sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò síwèé níbẹ̀. "Wọ́n á ti gbé e jáde," ni mo wí. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Ọ̀gá wo bàtà ara ẹ̀, ó ní kí tọkọtaya náà dá garawa padà, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má padà wá mọ́.

Orí àtẹ̀gùn ni ọmọbìnrin káńtà ti bá mi. Ó ti sunkún. "Àǹtí, báwo lọ̀rọ̀ ṣe dọ̀dọ̀ àwọn agbálẹ̀?"

"Ìwọ kọ́ lo sọ pé wọ́n mú un?"

"Mo ní wọ́n! Ọ̀gá ni, mà. Ṣé kí n wá pe ọ̀gá ní 'ó' ni?"

"Kí ló dé tó o dákẹ́ nínú yàrá?"

"Níṣojú ọ̀gá, mà?"

Mi ò kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Bó ṣe rí ojú mi, ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀, ó gbé èèpo pupa náà sórí tábìlì. Igun ewé kọ̀ọ̀kan ti rin, itọ́ ẹ̀ ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra.

"Mo fẹ́ fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́ ni," ló wí. "Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. O wá débí, o ní òfin ilẹ̀ ni. Mo ní tí ìwọ bá lè torí ìtìjú parọ́, èmi náà lè torí ìtìjú dákẹ́." Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé, "Jẹ́ kó mọ sáàárín wa. Ṣé kí n sọ ẹni tó jí ife náà fún ọ?"

Ohun tó kó mi nírìíra jù ni pé mo fẹ́ kó sọ ọ́.

Mo sáré bá tọkọtaya náà lẹ́nu géètì. Mo di ọwọ́ Ìyá mú, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, mo ní ọ̀gá ló mú un, pé ìwé ọmọdé ni, kì í ṣe òfin kankan.

Ìyá yọ ọwọ́ wọn. "Ọdún mẹ́jọ la ti ń nu eruku orí ìwé yín," ni wọ́n wí. "Èmi àti ọkọ mi ò mọ̀wé kà. Kí la fẹ́ fi ṣe? Má sọ ọ́ fún mi níbí. Yàrá tó o ti pè wá lólè, ibẹ̀ ni kó o lọ sọ ọ́ sí."

Mo padà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ṣì wà nínú yàrá ìpàdé, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀gá náà sì ti sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn. "Kì í ṣe òfin ilẹ̀," mo wí. "Ìwé ọmọdé ni. Èmi ni mò ń kà á." Ẹ̀rín bú yàà. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, ọ̀gá ló sì rín jù.

"Wọ́n mú un torí kí wọ́n lè kà á ni," mo wí, torí ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

"Àwọn agbálẹ̀?" ni akápò wí. "Wọ́n tún ń kàwé!"

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo na ìka sí ọ̀gá. "Ó mú un. Ọkùnrin yìí. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó ti fi itọ́ bà á jẹ́, ó sì jókòó síbí, ó ń wòran nígbà tí ẹ̀ ń tú báàgì ìyá oníyàá."

Akápò gbé ọwọ́ lérí. "Ọ̀gá lẹ̀ ń pè ní 'ó'? Ọ̀gá!" Ẹnì kan pòṣé, ó ní obìnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin káńtà pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, agbálẹ̀ tuntun ló ń nu àtẹ̀gùn mi. Lẹ́tà ìbáwí kan wà lórí tábìlì mi, ọ̀gá ló fọwọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mò ń wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ìyá àti Bàbá. Mi ò rí i. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé mo pe àgbà ní "ó".