Téló Tó Tún Wáyà Jíìpù Ṣe

Ẹ wò ó, mi ò bínú mọ́. Irọ́ ni mo pa, mo ṣì ń bínú. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ bá mi dá a.

Téló lọkọ mi. Bó bá rán ṣòkòtò fún èèyàn, onítọ̀hún ò ní fẹ́ bọ́ ọ sùn. Ṣùgbọ́n màámi ò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mú un wálé. "Ṣé abẹ́rẹ́ ni yóò máa fi bọ́ ẹ?" ni wọ́n bi mí, wọn ò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé wa rí. Nígbà tí bàbá mi wá kú, ẹ̀rín tán pátápátá lẹ́nu wọn. Ṣàdédé ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé ká wá pàdé àwọn ní ibùdó rélùwéè. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé mi ò ṣi ọkọ fẹ́. Gbogbo ohun tí mo ń wá nìyẹn. Kí n tó dáhùn, ọkọ mi ti já fóònù gbà: "Jíìpù la máa fi gbé yín, mà!"

Jíìpù wo? Àlòkù tá a rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ilé ìjọsìn nìkan lòun máa ń gbé e lọ. Ilé ìjọsìn ọ̀hún á jìnnà o, torí gbogbo táyà rẹ̀ ló ti pá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ó dún tìkì-tìkì, ó dákẹ́. Mo ní ká pe rẹwáyà, ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa.

"Rẹwáyà ṣe kí ni?" lọkọ mi wí. "Kí ni wáyà? Ṣebí òwú ni, wọ́n kàn fi irin ṣe é ni."

Òwú! Ẹ bá mi gbọ́ o.

"Téló," mo ní, "màámi ló ń bọ̀ yìí. Jọ̀ọ́, má fi mí ṣẹ̀sín."

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi."

Ó tú abẹ́ síárìn. Bó ṣe rí ohun tó wà níbẹ̀ báyìí, ó figbe ta. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti so wáyà pupa mọ́ wáyà yẹ́lò, ó so aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú. Ọkọ mi ò lè fi òwú pupa rán aṣọ funfun láyé, kódà kí oníbàárà bẹ̀ ẹ́. "Irú iṣẹ́ ọ̀bùn wo rèé?" Ló bá mú àlùmọ́gàjí, ó gé gbogbo rẹ̀, ó so pupa mọ́ pupa, búlúù mọ́ búlúù, ó sì dì wọ́n rébété. Ká sọ òótọ́, ó rẹwà. Tí wọ́n bá ní kí n wọ̀ ọ́ lọ òde, mo máa wọ̀ ọ́.

Ó tún yí kọ́kọ́rọ́. Tìkì-tìkì.

Mo sáré pe rẹwáyà. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wo abẹ́ síárìn. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó tọ́ka sí ojú wáyà tó wà lórí bátìrì: nǹkan funfun ti bò ó, ó sì ti dẹ̀. Ó da omi gbígbóná sí i, ó ha á, ó dè é le. Ọkọ̀ sọjí. Ó ní òun ń sáré lọ ìrìn àjò, ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tó lọ tán lọkọ mi tẹ búréèkì. Fèrè ọkọ̀ ké: pááá! Ó fẹ́ yà sósì, dípò kí iná máa ṣẹ́jú, wáípà bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì gbígbẹ. Ó wa ọkọ̀ padà sẹ́yìn, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo káwọ́ lérí. Mo ní ká wọ takisí, ó ní òun ti ṣèlérí jíìpù. Alágídí!

Bá a ṣe gbé màámi nìyẹn. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé báàgì lé itan, ojú wọn le koko. Ní gbogbo oríta: pááá! Àwọn tó ń kọjá rò pé à ń kí wọn ni, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Ìgbà tá a yà, wáípà bẹ̀rẹ̀: fìrì, fìrì.

"Ṣé òjò ń rọ̀ ni?" màámi béèrè.

"Rárá, mà," lọkọ mi dáhùn jẹ́jẹ́. "À ń yà sósì ni."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn, mo rò pé màámi ń sunkún. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rín ni! Màámi ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú wọn, báàgì ti bọ́ sílẹ̀.

"Tún yà sósì," ni wọ́n wí.

A yí àdúgbò yẹn po títí òòyì fi ń kọ́ mi.

Nílé, wọ́n bi mí: "O rántí aago ògiri wa, tó máa ń lù tá a bá ti ṣílẹ̀kùn?"

Mo rántí. Láti kékeré ni mo ti rò pé bí aago ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Bàbá rẹ ló tún un ṣe. Ó ti kú tán, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n bá mi tún un ṣe dáadáa. Mi ò gbà."

Mo di ọwọ́ wọn mú.

Nígbà tí rẹwáyà dé nírọ̀lẹ́, màámi dúró tì í. "Tún búréèkì ṣe, torí ẹ̀mí àwọn ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Fi wáípà yẹn sílẹ̀."

Ó sì wà bẹ́ẹ̀ dòní. Bí mo bá fẹ́ yà sósì, ọwọ́ ni mo ń nà síta lójú fèrèsé. Màámi wá ń pè wá lemọ́lemọ́ báyìí. Wọn kì í béèrè èmi tí wọ́n bí! Téló ni wọ́n ń béèrè.

"Ọmọ mi," wọ́n á ní, "ṣé òjò ṣì ń rọ̀ lápá òsì?"