Katakata Emil Kovarik

"Bàbá, níbo ni ẹ gbé apá púlì náà sí?"

Emil Kovarik jókòó sórí àga kíká lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Marlys, nà gbalaja sábẹ́ katakata kékeré tí wọ́n fi ń gé koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ó dúró de ìdáhùn. Ohun tó gbọ́ ni ìró ife kọfí tí bàbá rẹ̀ gbé kalẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

"Ó dáa," ó wí láti abẹ́ irin. "Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́? Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ìyẹn náà ni mo gbọ́."

"Níbi iṣẹ́ eyín tí ò ń ṣe yẹn, wọn kì í kọ́ yín ní sùúrù?"

"Wọ́n kọ́ wa pé bí eyín kan bá sọnù, ọwọ́ ẹni tó ni ẹnu la ti máa kọ́kọ́ béèrè."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ gba ẹnu Emil jáde. Ó gbé e mì pẹ̀lú kọfí.

Katakata náà fi ọdún mẹ́ta ju Marlys lọ, Marlys sì ti lé ní àádọ́ta. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ló ti ń tún un ṣe. Ó tú kabúrétọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ wáyà tí eku ti jẹ, ó pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ́ńjìnnì jí, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì dúró lórí iná. Marlys pariwo bí ọmọdé. Ìgbà tó wá fẹ́ kí abẹ máa yí ló rí i pé ohun kan kò sí níbẹ̀.

Apá irin kan ni. Òun ló máa ń di púlì kékeré mú, tí púlì yóò fi ti bẹ́líìtì kí ó le. Láìsí i, bẹ́líìtì á kàn rọ̀ dẹ̀ẹ̀ bí okùn ìsáṣọ, abẹ ò sì ní yí. Ihò bóòtù rẹ̀ méjèèjì mọ́ tónítóní. Ẹnì kan ló fara balẹ̀ tú u. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Èyí tó bá katakata wá ti kán nígbà tí Marlys jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, Emil bá gé férémù kẹ̀kẹ́ búlúù kan tí ọmọ náà ti dàgbà jù, ó jó o pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó dè é mọ́ ọn. Ogójì ọdún ó lé ló fi ṣiṣẹ́.

Marlys ti da gbogbo agolo kọfí orí pẹpẹ sílẹ̀: agolo ìṣó, agolo wọ́ṣà, agolo nọ́ọ̀tì, oríṣi kọ̀ọ̀kan nínú agolo tirẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ìṣó kọ̀ọ̀kan wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ gáréèjì náà ni kò mọ ibi tí irin búlúù tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ wọlẹ̀ sí. Ìyẹn ló ń dun ún.

Ó fẹ̀yìn wọ́ jáde, ó nu ọwọ́ nù. "Ẹ jẹ́ ká bá Ọ̀gbẹ́ni Tesar, aládùúgbò wa, sọ̀rọ̀. Katakata tiwọn àti tiwa, ìbejì ni wọ́n. Láàárín wákàtí mẹ́ta wọ́n á ti gé itẹ́ òkú orí òkè tán."

"Oṣù Kejì ni Orrin Tesar sin ìyàwó ẹ̀," Emil wí. "Ilẹ̀ ti dì bíi yìnyín, iná ni wọ́n fi yọ́ ọ kí wọ́n tó rí i gbẹ́. Ṣé òun ni kí n lọ bá pé kó wá máa gé koríko lórí òkú gbogbo ìlú?"

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn béèrè?"

"Iṣẹ́ wa ni."

"Iṣẹ́ yín ni, Bàbá."

Emil gbé ife sẹ́nu. Kò sí kọfí nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó mu ún.

Ìdílé Kovarik ló ń gé koríko itẹ́ òkú orí òkè láti ìgbà bàbá bàbá Emil. Kò sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Kí Ọjọ́ Ìrántí, ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn Oṣù Karùn-ún, tó kò, koríko gbọ́dọ̀ ti dọ́gba, nítorí ọjọ́ náà ni gbogbo ìdílé máa ń gbé òdòdó gòkè lọ bá àwọn èèyàn wọn. Nígbà tí Emil ṣubú ní Oṣù Kẹwàá tí egungun ìdí rẹ̀ sì kán, Marlys wá láti ìlú Des Moines, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ti di oṣù méje. Àdéhùn wọn kò ṣòro: bí katakata bá ti ń gé, Emil á jókòó lé e, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń wà á, kì í ṣe itan, Marlys á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá gé, ẹ̀rọ àfọwọ́tì ló kù, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí di Oṣù Kẹwàá. Ẹni tó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn kò sì lè ti ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Jolene, ọ̀gá rẹ̀, pè.

"Marlys, mo fẹ́ràn rẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin tó ń retí eyín àtọwọ́dá ló ń fi ẹ̀rìgì jẹun nítorí rẹ."

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìsinmi Ọjọ́ Ìrántí. Bí mi ò bá rí ọ, ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣe é báyìí ni màá fún láyè rẹ. Má bínú."

Marlys gba ìpè náà nínú yàrá tó ti ń sùn láti ìgbà tó wà nílé ìwé girama. Bó bá nà lórí ibùsùn náà, gìgísẹ̀ rẹ̀ á kan irin. Láti ojú fèrèsé, ó rí ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó gbé e sí láti ìgbà òtútù. Koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká, ó ti dé ibi ìdérí àárín rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó wa ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Gaylord, wẹ́dà tó wà létí ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí.

"Báwo ló ṣe gùn tó?" Gaylord béèrè.

"Bí ìgbọ̀nwọ́."

"Ìgbọ̀nwọ́ ta ni? Tèmi tàbí tìrẹ?"

"Ti bàbá mi, ní ogójì ọdún sẹ́yìn."

"Á jẹ́ pé kó o lọ gbé e wá kí n wọ̀n ọ́n."

Ó ṣe ọ̀kan fún un bó ti wù kó rí. Marlys dè é mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ abẹ sókè. Bẹ́líìtì yí lẹ́ẹ̀mejì, ó han gooro, ó fò jáde, ó sì na koríko bíi pàṣán.

"Ó ti kúrú," Emil wí láti orí àga rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo ṣe àkọ́kọ́."

"Ẹ sọ ìwọ̀n ẹ̀ fún mi nígbà náà!"

"Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Gaylord ṣe òmíràn. Ìyẹn gùn jù. Bẹ́líìtì náà gbóná, ó rùn, ó já. Marlys jókòó sórí koríko, ó gbé orí lé orúnkún. Nígbà tó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́."

Emil gbé ọ̀pá rẹ̀ láti orúnkún kan sí èkejì.

"Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí nǹkan yìí bá ti gé koríko ni mo lọ. Ẹ tú u, ẹ gbé e pamọ́, ẹ wá jókòó síbẹ̀ yẹn ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń wá a."

"Ohun tó o rò nípa mi nìyẹn?"

"Kí ni kí n rò? Ẹ fún mi ní nǹkan míì kí n rò ó."

Bàbá náà wo ọ̀nà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí àwo búrẹ́dì eléso dídùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kolache kan ló kù. Jẹ ẹ́."

"Mi ò jẹ."

"Jẹ ìdajì, nígbà náà."

Wọ́n pín in sí méjì, wọ́n jẹ ẹ́, ẹnìkínní kò wo ẹnìkejì.

Láàárọ̀ Sátidé, Marlys gbé ẹ̀rọ àfọwọ́tì sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gòkè lọ sí itẹ́ òkú. Emil jókòó nínú ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ìrì ṣì wà lára koríko, ó ń lẹ̀ mọ́ abẹ, ẹ̀rọ á kú, Marlys á dojú rẹ̀ dé, á fi igi ha á, á tún fa okùn rẹ̀. Ó gé ìlà kan láàárín àwọn òkúta, ó yí padà, ó gé òmíràn. Kovarik, Kovarik, Kovarik, ni orúkọ ara òkúta ń sọ fún un. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ka ìlà tó ti gé: mẹ́fà. Kò ka èyí tó kù. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá máa fi gé èyí tó kẹ́yìn, èyí tí òun kọ́kọ́ gé á ti tún hù.

Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lẹ́nu géètì. Orrin Tesar ló ń bọ̀ lórí katakata tirẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó gbé ìka kan sókè. Emil náà gbé ìka kan sókè. Ó lọ tààrà síbi sàréè ìyàwó rẹ̀ Adeline, níbi tí ilẹ̀ ṣì rí pupa, tí wọn kò tíì gbé òkúta sí, ó sọ abẹ kalẹ̀, ó sì gé koríko yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ́ roboto bí àwo. Ó wá pa abẹ, ó ṣí fìlà.

"Marlys."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tesar."

"Koríko pọ̀ lọ́dún yìí."

"Òjò ni."

"Òjò ni." Ó wo ẹ̀rọ àfọwọ́tì, ó wo ọkọ̀ akẹ́rù, ó wo ibòmíràn. "Ti Adeline nìkan ni mo wá gé. Mi ò fọwọ́ kan tiyín."

"Mo rí i."

"Èèyàn kì í bọ́ sínú iṣẹ́ oníṣẹ́."

Koríko tún ti há sábẹ́ ẹ̀rọ Marlys. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á jáde, ojú rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ katakata Orrin. Níbẹ̀, láàárín táyà àti ilé abẹ, nínú oòrùn, irin búlúù kan di púlì mú. Lẹ́tà M kan wà lára rẹ̀, ọ̀dà funfun, irú èyí tí ọmọdé máa ń fi kọ orúkọ sára kẹ̀kẹ́. Iná ìjórin ti jẹ ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kan.

Marlys kò dìde. Ojoojúmọ́ tí Orrin bá ń gun katakata rẹ̀ lọ síbi àpótí lẹ́tà, iwájú ilé wọn ni irin yìí ń gbà kọjá.

Ní àdúgbò wa, ohun téèyàn bá yá aládùúgbò rẹ̀, kì í béèrè rẹ̀ padà. Á dúró ni. Ta ló sì máa lọ béèrè irin lọ́wọ́ ọkùnrin tó sin ìyàwó rẹ̀ nínú ilẹ̀ dídì? Marlys gbójú wo ọkọ̀. Emil ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, kò sì wo irin náà, ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀: má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí kò sọ láti ọjọ́ yìí wá wà lójú rẹ̀.

Marlys nàró. Ó tẹ́ ẹ̀rọ àfọwọ́tì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Tesar, ṣé epo tó wà nínú katakata yín á gbé e dé ìdí ọgbà ọ̀hún?"

"Á dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni."

"Iṣẹ́ wa ni. Ọ̀wẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Títí di Oṣù Kẹwàá."

Orrin yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ títí. Ó wo Emil. Emil gbé ìka kan sókè lórí ọ̀pá.

Orrin jókòó, ó fa ọwọ́ abẹ. Irin búlúù náà dìde, ó ti púlì, bẹ́líìtì le.