Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sinmi

Èmi fúnra mi ni mo fa wáyà díìṣì orí òrùlé wọ inú kọ̀ǹpútà Màmá Asher lọ́jọ́ Ajé. Kọ̀ǹpútà náà ló ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún mẹ́ta yòókù ní ọ́fíìsì wa ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí a ti ń ta obì sókè òkun. Ta ni ǹ bá tún gbé e fún? Màmá Asher kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Àmọ́ mo gbàgbé pé Adífẹ́ńtì ni wọ́n, ìjọ tó ń sinmi láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, oòrùn ti ń rọ̀, wọ́n nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ má pa á, mà, ẹ jọ̀ọ́!" Àwọn oníbàárà òkèèrè fẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yẹn. Ọ̀gá Lásúnkànmí sì ti ní bí kò bá wọlé, àwọn ará Èkó làwọn máa gbé iṣẹ́ mi fún.

"Fẹ̀hìntọlá, tí oòrùn bá wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi dé nìyẹn. Mi ò ní máa sinmi kí iṣẹ́ máa lọ lórí tábìlì mi."

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Yúnúsà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ sí mi létí pé, "Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. A ó tàn án padà."

Ọ̀rọ̀ náà wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ojú wo ni màá fi wo obìnrin yìí lọ́jọ́ Ajé?

"Rárá," mo dáhùn. "Tìẹ la máa lò. Wọ́ tábìlì rẹ wá sídìí fèrèsé, kí wáyà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Mo tú kọ̀ǹpútà méjèèjì, mo yọ káàdì sátẹ́láìtì tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ti Màmá Asher, mo fi í sínú ti Yúnúsà. Inú ń bí mi. Màmá Asher ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n bá mi tan tọ́ọ̀ṣì. "Ṣe kíá," ni wọ́n ń wí. Nígbà tí oòrùn kan òrùlé ilé ọ̀ọ́kán, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì lé Yúnúsà lọ́wọ́, wọ́n fi aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n lọ. Ó dùn mí pé wọn ò ní rí i kó ṣiṣẹ́.

Kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo yọ káàdì náà, mo tún fi í padà, kò gbà.

"Mi ò lọ ibì kankan," mo sọ fún Yúnúsà. "Lónìí yìí ló máa gbà."

Mo gé orí wáyà, mo tún un so. Ó gbà.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ímeèlì àwọn oníbàárà ti wọlé, kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kà á tán, inú wọn dùn, kí wọ́n tó rí aṣọ funfun.

"Ti Màmá Asher ńkọ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, sà," mo ní. "Ó ń sinmi."